Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n ara mi ò rí bó ṣe ń rí mọ́: ìbéèrè yín lórí ayé lẹ́yìn jẹjẹrẹ inú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti ìgbà tí mo ti dáhùn ìbéèrè ìyá kan tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìfun fún lóṣù tó kọjá, ìwé yín ò tíì dáwọ́ dúró, àwọn kan tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, àwọn kan fi ohùn ránṣẹ́ tí mo ní láti gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì torí pé ẹkún wà nínú ẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo yín ń sọ: ẹ ti la jẹjẹrẹ agbẹ̀du tàbí ti ìfun já, dókítà ti ní ó ti lọ, wọ́n ti ṣe ìdúpẹ́, wọ́n ti jẹ wọ́n ti mu, lálejò bá túká, ó wá ku ẹ̀yin nìkan pẹ̀lú ara tí ẹ ò mọ̀ rí, tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ lanu sọ ọ́, wọ́n á ní "ṣebí o wà láàyè, máa dúpẹ́ jàre". Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù iṣẹ́ abẹ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì gbọ́ gbólóhùn yẹn títí ó fi sú mi. Èèyàn lè máa dúpẹ́ kó sì tún máa sọ pé ibí yìí ń dùn mí, ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan tẹ́ ẹ kọ sí mi ló ní àtúnṣe, kẹ́ ẹ ṣá ti là á mọ́lẹ̀ fún dókítà. Mo ti yọ orúkọ yín kúrò bẹ́ ẹ ṣe ní kí n yọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mí Nọ́ọ̀sì, ẹ káàsán mà. Oṣù 14 rèé tí wọ́n ti gé gbogbo agbẹ̀du mi kúrò nítorí jẹjẹrẹ. Aṣọ ni mò ń tà lọ́jà. Tí mo bá jẹun, kó tó tó ogún ìṣẹ́jú àyà mi á ti máa lù kìkìkì, òógùn á bò mí, inú á máa kùn, ojú á máa ṣú mi, mo gbọ́dọ̀ sáré lọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ẹnì kan ló ń bá mi jà nídìí oúnjẹ. Mo ti rù débi pé àwọn oníbàárà mi ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. Ẹsẹ̀ mi náà tún ti ń ṣe mí báyìí bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ṣé ó ti padà ni? — Ìyá Aláṣọ, Òṣogbo

ÌDÁHÙN: Ìyá Aláṣọ mi, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ń pè é ní dumping, kò sì túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ ti padà. Agbẹ̀du tí wọ́n gé yẹn ló máa ń gba oúnjẹ dúró, á lọ̀ ọ́, á wá máa já a sílẹ̀ fún ìfun díẹ̀díẹ̀. Ní báyìí kò sí adènà mọ́, gbogbo ẹ̀ ń ya wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá tó bá jẹ́ nǹkan dídùn, ìfun á wá fa omi láti inú ẹ̀jẹ̀ yín láti fi pò ó, ìyẹn ló ń mú kí àyà máa lù, kí ojú ṣú, kí inú wú kí ìgbẹ́ sì gbọn yín. Láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30 lẹ́yìn oúnjẹ ló máa ń dé. Ìkejì ẹ̀ wà tó máa ń dé lẹ́yìn wákàtí kan sí mẹ́ta: súgà ti yára wọ ẹ̀jẹ̀, ara ti tú insulin, èròjà tó ń dín súgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, jáde ju bó ṣe yẹ lọ, súgà náà á wá já wálẹ̀ lójijì, ẹ á máa gbọ̀n, ebi òjijì, òógùn tútù. Kò sẹ́ni tó ń bá yín jà nídìí oúnjẹ, mà. Ẹ máa gbàdúrà yín o, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ yí bẹ́ ẹ ṣe ń jẹun padà.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí àmàlà. Àwa Yorùbá kì í rún òkèlè, gbígbé la máa ń gbé e mì, ọmọ tó bá ń rún àmàlà lẹ́nu, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Agbẹ̀du ló ń bá wa ṣe iṣẹ́ yẹn tá ò fi mọ̀. Ẹ̀yin ò ní i mọ́, ẹnu yín ni agbẹ̀du yín báyìí. Ẹ bu òkèlè tó tó orí àtàǹpàkò, ẹ rún un títí á fi dà bí ẹ̀kọ mímu, kẹ́ ẹ tó gbé e mì. Abọ́ ńlá tó kún dẹ́nu yẹn ti tán, mi ò ní parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n àmàlà fúnra ẹ̀ ò tán, ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé ni kẹ́ ẹ máa jẹ. Ẹ pín oúnjẹ òòjọ́ sí mẹ́fà, kódà kó pé méje. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹja, ẹyin, mọ́ínmọ́ín tàbí ẹran tí wọ́n lọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Pọ́nmọ́ tó yi, ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ẹ má mu omi mọ́ oúnjẹ, kó tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán, ẹ fẹ̀yìn ti àga fún bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ má dìde kẹ́ ẹ lọ máa gbé aṣọ. Lálẹ́, ẹ fi ìrọ̀rí gbé orí àti àyà sókè, torí omi òróòro lè máa gun ọ̀nà ọ̀fun bọ̀.

Ìyá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa nígbà kan, wọ́n gé agbẹ̀du tiẹ̀ náà, láràárọ̀ ara ẹ̀ dá ṣáká, tó bá di ìrọ̀lẹ́ ó ti dákú lórí bẹ́ẹ̀dì, a wo ọkàn ẹ̀, a wo ẹ̀jẹ̀, a ò rí nǹkan kan. Ọmọ kékeré kan tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó sì ka ìgò mọ́ọ̀tì mọ́kànlá níbẹ̀. Ìgbà àbẹ̀wò ni! Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń gbé mọ́ọ̀tì àti gúlúkóòsì wá, ìyá náà ò fẹ́ kí ojú wọn fà ro, á mu ún. Ìfẹ́ ló gbé e wá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ò ní agbẹ̀du, mọ́ọ̀tì, gàárì tí wọ́n fi súgà rẹ, tíì tó dùn bí oyin, ohun tó ń ta á mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń bọ̀ wá kí yín pé ẹyin ìbílẹ̀ ni kí wọ́n máa gbé wá.

Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yín yẹn ló kàn mí jù. Agbẹ̀du ló ń pèsè èròjà kan tó ń jẹ́ kí ara lè gba fítámìnì B12 nínú oúnjẹ. Tí agbẹ̀du bá ti lọ, kẹ́ ẹ máa jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù lójoojúmọ́ kò lè tó. Ẹ̀dọ̀ wa máa ń tọ́jú díẹ̀ pamọ́, ìdí nìyẹn tí kì í hàn kíákíá, ó lè ju ọdún kan lọ, kó tó wá bẹ̀rẹ̀ báyìí: ẹsẹ̀ á máa ta ṣínṣín, ara á máa rẹni, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀, èèyàn á máa gbàgbé nǹkan. Abẹ́rẹ́ ló ń gbà, títí ọjọ́ ayé, dókítà yín ló máa sọ bóyá oṣooṣù ni àbí oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Tí kò bá sẹ́ni tó fún yín láti oṣù 14, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kẹ́ ẹ tó lọ béèrè, torí tó bá pẹ́ jù, iṣan tó ti bàjẹ́ lè má padà bọ̀ sípò. Kí wọ́n bá yín wo iron àti calcium pẹ̀lú. Tẹ́ ẹ bá sì gba kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ẹ rán wọn létí, torí kẹ́mò náà lè fa irú ẹ̀.

Rírù, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n gé agbẹ̀du fún ló ń rù, oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sí ọdún kan ló máa ń le jù, tó bá yá á dúró. Ẹ wọn ara yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, tó bá ṣì ń já wálẹ̀ ẹ mú ìwé yẹn lọ fún dókítà. Tẹ́ ẹ bá ń bì tí omi pàápàá ò dúró, tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ojú pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú mú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ní ti àwọn oníbàárà, gbólóhùn kan tó: "Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún mi, wọ́n gé agbẹ̀du mi." Kẹ́ ẹ wá ká aṣọ yín lọ.

ÌBÉÈRÈ: Mọ̀mí, mò ń wa bọ́ọ̀sì ní London. Wọ́n gé ìfun ìdí mi, mo gbé báàgì fún oṣù mẹ́jọ, wọ́n wá so ó padà. Mo rò pé ìṣòro ti tán ni, àmọ́ mò ń lọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejìlá lójúmọ́, nígbà míì mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wa bọ́ọ̀sì? — Àbúrò yín ní Peckham

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ibi tí ìgbẹ́ máa ń dúró sí kó tó jáde ni wọ́n gé, èyí tí wọ́n fi rọ́pò ẹ̀ kéré, ìdí nìyẹn tó fi ń wá lẹ́sẹẹsẹ. LARS lorúkọ ẹ̀, orúkọ yẹn gan-an ni kó o pè fún GP ẹ, dókítà àdúgbò ẹ, kí wọ́n má kàn sọ fún ẹ pé á lọ. Lóòótọ́ ó máa ń rọlẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì, ṣùgbọ́n kò yẹ kó o kàn jókòó máa dúró dè é. Oògùn loperamide wà, tó ń dẹ́kun ìgbẹ́ gbuuru, tí wọ́n lè ní kó o máa lò kó o tó jáde nílé, eré ìdárayá wà fún iṣan ìdí tí àwọn fisiotẹ́rápì máa ń kọ́ni, fún àwọn kan wọ́n máa ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi omi fọ ìfun látìsàlẹ̀ láàárọ̀ kí ọjọ́ lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Dín ata kù, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò dùn létí. Béèrè kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń pè ní RADAR, òun ló ń ṣí tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tì fún àwọn tó ní àìlera káàkiri ìlú ọ̀hún. Ní ti iṣẹ́, òfin Equality Act ti 2010 ka ẹni tó ní jẹjẹrẹ mọ́ àwọn tí òfin ń dáàbò bò láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un, tó túmọ̀ sí pé ọ̀gá iṣẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ bá ẹ ṣètò, bóyá láìnì tó kúrú, bóyá iṣẹ́ inú gáràjì fún ìgbà díẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé kó o fi béèrè, má fẹnu lásán sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àlékùm. Ẹni ọdún 63 ni mí. Wọ́n gé ibi ìdí mi, wọ́n sì la ihò sí mi níkùn tí mò ń gbé báàgì sí, wọ́n ní títí ayé ni. Sàfù àkọ́kọ́ ni mo ti máa ń kírun rí, ó ti lé lọ́dún kan tí mi ò dé mọ́ṣáláṣí. Báàgì máa ń ṣí tí oòrùn bá mú, gbogbo ara ibẹ̀ ti bó, mo sì ń bẹ̀rù òórùn. Ṣé ìrun mi tiẹ̀ ṣì mọ́? — Alhaji, Ìlọrin

ÌDÁHÙN: Wà àlékùmú sàlámù, bàbá mi. Nígbà tí mo ka "sàfù àkọ́kọ́" yẹn, mo gbé fóònù sílẹ̀ ná kí n tó lè kà á lọ.

Èmi kì í ṣe àáfà, ẹ béèrè lọ́wọ́ àáfà yín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aláìsàn Mùsùlùmí tí mo tọ́jú ló ti béèrè, èsì kan náà ni wọ́n ń mú bọ̀: wọ́n kà yín mọ́ ẹni tí ìtọ̀ ń já lára ẹ̀ tí ò lè dá a dúró. Ẹ da báàgì nù, ẹ ṣe àlùwàlá tí àkókò ìrun bá wọlé, kẹ́ ẹ kírun, ohun tó bá jáde sínú báàgì lẹ́yìn náà, tí kò sí lọ́wọ́ yín, kò ba ìrun yẹn jẹ́. Ààwẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ihò níbi ìfun ńlá bíi tiyín ló ń gbà á tí dókítà bá ti fọwọ́ sí i. Àwọn tí tiwọn wà níbi ìfun kékeré ló gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gan-an, torí omi ara wọn máa ń yára gbẹ.

Ó ku báàgì. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bí ẹni pé mo jókòó tì yín. Àárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ tó jẹ nǹkan kan, ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, ìfun máa ń sinmi nígbà yẹn. Ẹ fi omi lásán tó lọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ rọra ká a látòkè wá sísàlẹ̀, ẹ má fà á ya. Omi lásán náà lẹ máa fi fọ ibẹ̀, kì í ṣe ọṣẹ olóòórùn dídùn, kì í ṣe sípírítì, kì í ṣe omi apakòkòrò tí wọ́n ń dà sínú omi ìwẹ̀. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ pátápátá, torí bí omi bá kù níbẹ̀ kò ní lẹ̀. Ẹran ara pupa tó yọ síta yẹn, pupa tó tutù bí inú ẹnu ló yẹ kó jẹ́, kì í dunni téèyàn bá fọwọ́ kàn án, ó sì lè ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́, ẹ má fòyà. Tó bá di dúdú tàbí àwọ̀ aró, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Wàyí o, mo rò pé mo mọ ìdí tí ara yín fi bó. Ihò tí wọ́n wọ̀n fún yín lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ kúrò lọ́sibítù lẹ ṣì ń gé sí báàgì títí dòní, àbí? Ẹran ara yẹn máa ń sún kì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ihò báàgì á wá tóbi jù ú lọ, ìgbẹ́ á máa dúró lórí awọ ara, ìyẹn ló ń jó yín. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ihò tẹ́ ẹ máa gé fi bíi mìlímítà méjì sí mẹ́ta ju ẹran ara yẹn lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ tán, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín bò ó, kẹ́ ẹ ka Fátíhà kẹ́ ẹ tún un kà dáadáa, ooru ọwọ́ ló ń jẹ́ kí gúlúù ẹ̀ mú. Ẹ máa dà á nù tó bá ti kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta, torí ìwúwo ló ń fà á ṣí nínú oòrùn. Ẹ má tọ́jú àwọn tuntun sínú mọ́tò, ooru á ba gúlúù wọn jẹ́.

Òórùn: báàgì tó bá lẹ̀ dáadáa kì í rùn, ìgbà tẹ́ ẹ bá ń dà á nù nìkan. Ẹ̀wà, àlùbọ́sà, ẹyin àti ẹja lè mú kó pọ̀, ẹ dín wọn kù lọ́jọ́ Jímọ̀ àti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀. Ẹ ní àpò kékeré kan tí báàgì kan, aṣọ ìnù kan àti nylon dúdú kan máa wà nínú ẹ̀. Ẹ̀wù kàfùtáànì tó gbòòrò bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ má ṣáà so bẹ́líìtì kọjá lórí ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé báàgì wọ́n. Mo ti rí ẹni tó so nylon ọjà mọ́ra pẹ̀lú ọ̀já tí wọ́n fa ya lára ìró, awọ ikùn ẹ̀ ti jó bí ẹni tí wọ́n da omi gbígbóná lé lórí, ó sì ti fi pa mọ́ fún oṣù méjì torí pé ojú ń tì í láti sọ pé owó ò sí. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì yín. Báàgì tí ìdí ẹ̀ ń ṣí wà, èyí tí wọ́n ń dà nù tí wọ́n sì ń fọ̀ láìyọ ọ́ kúrò lára, ó máa ń lò lọ́jọ́ mélòó kan, kò dà bí oní-ẹ̀ẹ̀kan.

Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Sàfù àkọ́kọ́ á ṣì wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé báàgì ò ní já yín kulẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mà, télọ̀ ni mí n'Íbàdàn. Kẹ́mò mi parí lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mi ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́, orí ìka mi kú, omi tútù ń gún mi bí iná. — Télọ̀

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, tó bá jẹ́ oxaliplatin wà nínú ohun tí wọ́n fà sí ẹ lára, òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tiẹ̀ lè máa le sí i fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí kẹ́mò ti parí, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, fún àwọn kan díẹ̀ máa ń kù. Tó bá ń dùn ẹ́, oògùn duloxetine wà tí dókítà lè kọ fún ẹ. Fi ìgúnpá wo omi gbígbóná kó o tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wo inú bàtà ẹ kó o tó wọ̀ ọ́, má sì fọwọ́ sínú fíríìjì. Ọmọ iṣẹ́ ẹ ni kó máa ki òwú, ìwọ máa gé aṣọ, kí ṣọ́ọ̀bù má tì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ojú ń tì mí. Ọkọ mi ò fọwọ́ kàn mí mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ìfun ìdí fún un, ó ti di ọdún kan ààbọ̀. Á kọjú sí ògiri. Ṣé ó ti ní ẹlòmíì ni? — Ìyàwó, Adó-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ìyàwó mi, ìwọ kọ́ ni àkọ́kọ́, má jẹ́ kí ojú tì ẹ́. Iṣan tó ń mú kí nǹkan ọkùnrin dìde, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n gé yẹn gan-an ló gbà kọjá, iṣẹ́ abẹ lè fara kàn án, iná ìtọ́jú tí wọ́n ń pè ní radiotherapy náà lè ṣèpalára fún un. Ó ṣeé ṣe kó ti gbìyànjú òun nìkan lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò ṣiṣẹ́, tó wá rò pé ó sàn kóun kọjú sí ògiri ju kí ìwọ rí i. Mi ò lè búra fún ọkùnrin kankan o, ṣùgbọ́n ògiri yẹn, ìtìjú ni mo rí níbẹ̀, mi ò rí obìnrin míì.

Má bi í léèrè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sán ni kó o bá a sọ ọ́, bóyá nígbà tẹ́ ẹ bá ń rìn lọ síbì kan tí ojú yín ò kojú. Sọ fún un pé o ti gbọ́ pé iṣẹ́ abẹ yẹn máa ń ṣe irú ẹ̀, àti pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kó wù ú tàbí kó má wù ú. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ̀yin méjèèjì. Sildenafil àti àwọn bíi tiẹ̀ wà, dókítà ni kó kọ ọ́ o, torí tó bá ń lo àwọn oògùn àyà kan ó lè pa á, kó má sì ra èyí tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò tàbí paraga tí wọ́n ní ó ń mú ọkùnrin le. Ọ̀nà míì wà tí oògùn ò bá ṣiṣẹ́. Kí ìyẹn tó dé, ẹ ṣì lè máa dì mọ́ra yín. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya ló ti pa ìyẹn náà tì torí wọ́n rò pé ó gbọ́dọ̀ parí síbì kan.

Ẹ̀yin obìnrin tí wọ́n fún ní radiotherapy náà, abẹ́ lè gbẹ, ó lè máa dunni, èròjà tó ń mú un rọ̀ wà. Ẹ béèrè. Kò sí nọ́ọ̀sì gidi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa dẹ́rín pa.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí. Ọdún kejì rèé tí wọ́n ti gé jẹjẹrẹ ìfun ńlá mi. Tí ọjọ́ àyẹ̀wò bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò ní sùn mọ́. Kí inú kàn kùn báyìí, mo ti ń pín ẹrù mi. — Olùkọ́, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Tíṣà, ẹ̀rù yẹn kì í ṣe àìnígbàgbọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bú yín. Èyí tó pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ìfun tó máa padà, láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń padà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún CEA, èròjà tó lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí jẹjẹrẹ bá ń padà, lóṣù mẹ́ta sí mẹ́fà fún ọdún méjì, tí wọ́n á wá fà á sí oṣù mẹ́fà mẹ́fà títí ọdún karùn-ún, pẹ̀lú sikáànù, àti kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun lẹ́yìn ọdún kan. Gbogbo èyí tó bá kọjá láìsí nǹkan, ọ̀nà ẹ̀yìn ń gùn sí i, èyí tó wà níwájú ń kúrú. Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò bọ́ sí àárọ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí èsì máa jáde gan-an, kẹ́ ẹ sì mú ẹnì kan dání.

Nǹkan kan wà tí ọwọ́ yín ká. Ní 2025 wọ́n gbé èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ń pè ní CHALLENGE, èèyàn 889 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun ńlá fún tí wọ́n sì ti gba kẹ́mò tán, wọ́n fún àwọn kan ní olùkọ́ eré ìdárayá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n fún àwọn yòókù ní ìwé ìmọ̀ràn nìkan. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá, bí 80 ló ṣì wà láàyè láìsí jẹjẹrẹ, ti àwọn oníwèé jẹ́ bí 74. Lọ́dún kẹjọ, bí 90 ló wà láàyè nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì bí 83. Kì í ṣe jíìmù olówó ńlá o. Kéèyàn máa yára rìn bí ẹni tí mọ́tò fẹ́ fi sílẹ̀, fún ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀, ó tó. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ kì í fi í sùn yẹn, ẹ rìn ín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹni ọdún 48 ni bàbá mi nígbà tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ìfun lára wọn. Ọdún méjì ni wọ́n fi mu àgbo jẹ́díjẹ́dí kí wọ́n tó lọ ọsibítù. Ara wọn ti yá. Ọdún 36 ni mí, èmi náà máa ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́díjẹ́dí ni mo pè é. Ìgbà wo ló yẹ kí n ṣe àyẹ̀wò? — Ọmọ Bàbá, Èkó

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, tí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ tó o dárúkọ yìí, mi ò bá ní ọdún 38: ọmọ àti àbúrò ẹni tó ní in gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 40, tàbí ọdún mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ orí tí wọ́n fi rí i lára ẹbí, èyí tó bá yá jù. Ṣùgbọ́n o ti ń rí ẹ̀jẹ̀. Òní ni. Ó lè jẹ́ jẹ́díjẹ́dí lóòótọ́, ó sì sábà máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ jẹ́díjẹ́dí ni bàbá ẹ náà pè é fún ọdún méjì. Kí wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun ẹ, wọ́n ń ṣe é ní LUTH lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, wọ́n ń ṣe é ní UCH n'Íbàdàn àti ọsibítù OAU ní Ilé-Ifẹ̀. Tí wọ́n bá rí kókó kékeré kan níbẹ̀, wọ́n lè gé e lójú ẹsẹ̀ kó tó di nǹkan míì. Sọ ọjọ́ orí bàbá ẹ fún dókítà, kó o sì béèrè bóyá ó yẹ kí wọ́n yẹ ìdílé yín wò fún èyí tó ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, torí 48 kéré. Pe àwọn àbúrò ẹ náà lálẹ́ òní, tó bá sì jẹ́ pé ìwọ náà ti ní àgbo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, dà á nù.

Tó o bá ti gba ọjọ́ àyẹ̀wò, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo máa béèrè.